Apá-Òkúta Dọ̀bálẹ̀ Lójú Sánmà

Ìwọ tó ń ka èyí, ṣọ́ra o. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé òǹkọ̀wé wo ló dára jù, má tètè dáhùn. Ẹnu rẹ lè pa iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni rẹ́.

Àlá kan ni mo lá lóru àná. Ọ́fíìsì kan léfòó lójú sánmà, lókè Odò Ògùn, èmi náà sì jókòó sínú rẹ̀. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé àga tí mo jókòó lé ń mí.

"Ẹ rọra jókòó, bàbá," ni àga wí. "Ẹjọ́ Apá-Òkúta lẹ wá dá."

Apá-Òkúta! Akọni inú ìwé aláwòrán tí mo ti ń kà láti kékeré. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìtàn tirẹ̀, kò sí èyí tí mi ò kà. Àwọn òǹkọ̀wé mẹ́ta tó kọ ìtàn rẹ̀ tẹ̀ léra wọn ló dúró síwájú mi yẹn.

Alákòóso ọ́fíìsì náà, ọkùnrin kan tó wọ táì, gbóhùn sókè: "Ta ló kọ ọ́ dáa jù? Ẹni tẹ́ ẹ bá mú la ó fi sílẹ̀. Iṣẹ́ àwọn méjì tó kù, a ó pa á rẹ́ lára Apá-Òkúta."

Mo nawọ́ sí ẹni àkọ́kọ́. "Ẹ... ẹ jọ̀ọ́, sà. Bàbá Ọlátẹ̀jú yìí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀. Àwọn ló kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé: bí ọ̀tá bá jù ú lọ lọ́jọ́ orí, á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí i, kó tó wá gbá a létí."

"Àgbà ṣáà ni," ni Bàbá Ọlátẹ̀jú wí.

"Ìyáàfin Ọmọ́dùnbí wá fún un ní ìyá. Ọjọ́ tí ìyá yẹn kọ́kọ́ pè é ní Àjàdí, omi bọ́ lójú mi. Mi ò mọ̀ pé irú ẹ̀ ní oríkì."

"Èmi ńkọ́?" ni Tìámíyù, àbúrò gbogbo wọn, bi mí.

"Ìwọ? Aláròyé ni ọ́. Àmọ́ ìwọ lo jẹ́ kó fò."

Bí mo ṣe ní "fò" báyìí ni Apá-Òkúta yọ lójú fèrèsé, tó ń fò bọ̀. Ó rí ewú orí mi. Áà! Ó nà gbalaja sínú afẹ́fẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ ò sì lè máa fò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ sínú odò, kò sì jẹ́ dìde, torí àgbà ò tíì dá a lóhùn.

"Ẹ ò gbọdọ̀ dá a lóhùn o!" ni alákòóso kígbe. "Ẹ kọ́kọ́ mú ẹnì kan!" Ìwo ti yọ lórí ẹ̀, ó ti di òbúkọ, ó wá ń jẹ táì ọrùn ara ẹ̀.

Mo yọrí lójú fèrèsé. Mo ké sí i: "Àjàdí! Pẹ̀lẹ́ o. Dìde, ọmọ mi, máa fò lọ!"

Ó ku díẹ̀ kí àyà rẹ̀ kan omi ló dìde, ló bá gba ojú sánmà lọ fìì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Àga gan-an pàtẹ́wọ́, ni mo bá ṣubú.

Mo jí. Ilẹ̀ yàrá ni mo wà, mo dojú bolẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ìyàwó mi, Mopélọ́lá, dúró tì mí.

"Bàbá Adégòkè, ta lẹ̀ ń kí láàárọ̀ yìí?"

Mo rọ́ àlá náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ó dáa, ẹ sọ fún èmi nìkan: nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló mọ̀ ọ́n kọ jù?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mopélọ́lá, mi ò sọ̀rọ̀ mọ́."