Ẹ̀gbọ́n Mi Gbá Oko Mọ́

Ẹ̀yìn ń dùn mí, n kò lè dé oko. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni tí kì í rí ewé gbígbẹ nílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má yún un, ló lọ dípò mi. Nígbà tí mo fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ débẹ̀, oko ti mọ́ bí àwo tí ajá lá. Gbogbo koríko tí mo fi bo ilẹ̀, gbogbo pòròpórò àgbàdo, ó ti gbá a jọ, ó ti sọ iná sí i.

Ó dúró sáàárín eérú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

“Àbúrò, wò ó! Oko ọ̀lẹ ló ń kún fún pàǹtí. Mo ti bá ẹ fọ ojú ẹ̀ mọ́.”

Mo jókòó sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí ju kí n bínú lọ.

Ilẹ̀ òkè wa yìí ti kú rí. Àwa la pa á, àwa àti iná ọdọọdún. Ìgbà tí àgbàdo wa wá ń so bí ìka ọmọ ọwọ́ la kó ara wa jọ di ẹgbẹ́: kò sí iná mọ́, kò sí pé à ń tu ilẹ̀ káàkiri, koríko ni ká fi bò ó, ká gbin igi sáàárín ẹ̀wà. Èéfín tó kún ojú ọ̀run, igi àti ilẹ̀ dúdú ló ń fà á wálẹ̀, tí wọ́n ń tì í mọ́ inú. Nítorí ìyẹn ni àjọ kan ṣe ń fún wa ní igi gbìn àti owó díẹ̀. Òfin wọn ò lọ́jú pọ̀: ẹni tó bá sun oko, kó kúrò, ẹgbẹ́ tó bá bò ó mọ́lẹ̀, gbogbo wọn ni kó kúrò. Lọ́la ni ayẹ̀lẹ̀wò wọn sì ń bọ̀ wá fi irin wú erùpẹ̀ wa wò.

Èéfín ló pe Ìyá Onígi, olórí ẹgbẹ́ wa, wá.

“Ẹ kú iṣẹ́ oko, Ìyá,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí tayọ̀tayọ̀.

“Iṣẹ́ lo pe èyí? Ó yẹ ká ti fi okùn so ìwọ mọ́lé!” Ó yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Gbọ́, ọmọ mi. Màá kó koríko látinú oko tèmi, a ó fi bo eérú yìí.”

“Kí oko tiyín wà níhòòhò ńkọ́? Ta la ó tún wá yá koríko lọ́wọ́ ẹ̀?”

“Wọ́n á yọ ẹ́ o.”

“Kí wọ́n yọ mí. Ẹ̀yin tó kù, ẹ jókòó jẹ́ẹ́.”

Ẹnu mi mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ilẹ̀ yẹn nìkan ni mo ní fún àwọn ọmọ.

Nígbà tí ayẹ̀lẹ̀wò dé, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ fún un pé iná ti jó oko mi. Ó kí mi pẹ̀lẹ́, ó sì yọ oko mi. Ẹgbẹ́ ṣì wà nínú ètò náà, èmi ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè wò mí lójú. “Mo rò pé mò ń ṣàánú ẹ ni.”

“Mo mọ̀. Àánú yín ti sun mí jinná. Ẹ lọ gé koríko wá létí odò.”

Ó gé e, ó rù ú wá, ó ń tò ó ní ìlà-ìlà bí ẹní.

“Ẹ kàn dà á sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n.”

“Á rí wúruwùru.”

“Kó rí wúruwùru. Ẹ lọ gbé òmíràn wá.”