Àwo Tí Kò Ní Òrùka

Mo gbé àwo náà, èyí tí a fi omi ara ọmọ mi sí kí kòkòrò àrùn rẹ̀ lè hù, sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Kòkòrò ti hù kún inú rẹ̀ bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bu, wọ́n sì hù dé ẹ̀gbẹ́ oògùn tí a fi sáàárín rẹ̀. Bí oògùn bá ń pa kòkòrò, ojú ibẹ̀ a máa mọ́ roboto yí i ká bí òrùka. Kò sí òrùka kankan níbẹ̀. Oògùn tí ọmọ mi ti ń lò láti ọjọ́ méjì nìyẹn.

Èmi ni mo ń fọ àwo ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn náà, èmi náà ni mo sì ń gbé èsì lọ sí wọ́ọ̀dù. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé. Ọjọ́ méjì ni àwo ń lò kí ó tó ṣeé kà, ṣùgbọ́n èsì ọ̀dọ̀ wa kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa máa ń wo èsì aláìsàn ọ̀sẹ̀ tó kọjá, á sì dà á kọ sórí ìwé tuntun. Mo mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀.

Nígbà tí àrùn wọ ọmọbìnrin mi ní ilé ọmọ lẹ́yìn ìbímọ, mo bẹ Ọ̀gá pé kí ó dúró de àwo tirẹ̀.

"Bàbá Dókítà," bó ṣe máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nìyẹn, "ṣé kí ìyá ìkókó máa gbóná bí ààrò títí kòkòrò á fi dàgbà ni? Oògùn kan náà ló ń pa gbogbo wọn. Ẹ gbé e lọ jàre."

Mo gbé e lọ.

Ọmọ mi mú oògùn náà dání. "Bàbá mi, ṣé èyí á ṣiṣẹ́?"

"Èmi fúnra mi ni mo gbé èsì rẹ̀ wá," mo dá a lóhùn. "Lò ó."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Nígbà tí mo fi sáré gbé àwo náà dé wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì ń fa aṣọ bo ọmọ mi lójú. Títí di òní, bí mo bá ṣí omi sórí àwo, ohùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀: "Bàbá mi, ṣé èyí á ṣiṣẹ́?"

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn tí a sin ín, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin kan dúró lójú wíńdò tí wọ́n ti ń gba èsì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èsì ìyàwó mi ti jáde? Ilé ọmọ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu."

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo gbé àwo ìyàwó rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń mú un móoru.

"Kò tíì jáde. Padà wá lọ́túùnla."

Ọ̀gá na ìwé kọjá lórí èjìká mi. "Èsì yín rèé."

"Má ra oògùn yẹn," mo wí. "Ẹnikẹ́ni ò tíì ka àwo ìyàwó rẹ. Oògùn kan náà ni wọ́n kọ fún ọmọ mi. Ó kú."

Ọkùnrin náà wo Ọ̀gá. Ọ̀gá mirí, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọmọ wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ náà ti dà wọ́n lórí rú."

"Áà! Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Ó tẹrí ba fún mi, ó ká ìwé náà sápò, ó sì sáré lọ ra oògùn.