Èébú Tí Kò Dé Òkè Àtẹ̀gùn

Àtẹ̀gùn méjìlélógún ló wà láti ìsàlẹ̀ ilé wa dé ẹnu ọ̀nà mi. Ní gbogbo Sátidé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó jẹ́ obìnrin á wá kí mi, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi láti orí àkọ́kọ́ bó ti ń gùn ún bọ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú lọ́dún tó kọjá, kò pa Sátidé kan jẹ. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dé sílé iṣẹ́ òwú àti èyí tí wọ́n ń lọ, mo máa ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá ń wá lásìkò.

Èébú kan náà ni. "Ìwọ ọkọ àbúrò mi yìí, olójú aago, tí a ò rí eyín ẹ̀ rí! Àbúrò mi ìbá ti fẹ́ oníbàtà yẹn, tó ní mọ́tò, àmọ́ ó ní..."

Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, ibẹ̀ ló ti máa ń ké láti inú ilé pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó tó!" Lẹ́yìn ikú rẹ̀, èémí ẹ̀gbọ́n tó ń gé ló ń dá èébú náà dúró. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ibi tó ń dé sínú ìwé. Kì í ṣe ìkà. Ìyàwó mi náà máa ń dúró sinmi lórí àtẹ̀gùn yẹn, mo sì rò pé ẹrù ọjà ló wúwo. N kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ nípa tirẹ̀.

Nígbà tó yá, mo fi ọgbọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, ọmọbìnrin kan tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìyá, láti ìgbà wo ni èémí yín ti ń gé?"

"Èémí ta ni... ló ń gé? Ara mi... le koko."

Mo yọ ìwé mi. "Oṣù kejì, àtẹ̀gùn kejìdínlógún, ó dé 'mọ́tò'. Oṣù kẹrin, àtẹ̀gùn kẹtàlá, ó dé 'eyín'. Oṣù yìí, àtẹ̀gùn kẹfà, 'olójú' ni, kò tíì dé 'aago'."

Dókítà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"O ń kọ èébú mi sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ... ìwọ ọkùnrin..." Kò lè parí ẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i, dókítà?" mo ní.

Wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò lójú ẹ̀rọ. Dókítà ní ibà kan tó ṣe é ní kékeré ló fà á. Ẹ̀gbọ́n ní òun rántí rẹ̀, pé ó ṣe òun àti ìyàwó mi lórí ibùsùn kan ṣoṣo. Dókítà wá sọ fún un pé, "Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn ọkàn yín ti lẹ̀ pọ̀, kò ṣí dáadáa mọ́. A ó ti okùn tín-ín-rín kan gba inú iṣan itan yín, bàlúùnù kékeré á wà lórí rẹ̀. Tó bá dé ẹnu ilẹ̀kùn náà, a ó jẹ́ kó wú, á sì ṣí i."

"Bàlúùnù? Ọjọ́ ìbí ta ni? Mi ò ṣe."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò tíì gbọ́ ìparí rẹ̀."

"Ìparí kí ni?"

"Ìparí èébú yẹn."

Ó na ọwọ́ sí bírò, ó sì fọwọ́ sí ìwé ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere bí wọ́n ti ń ṣe é. Dókítà ní kó má sọ̀rọ̀. Ó ní, "Inú ọkàn mi lẹ wà, ẹ wá ní kí n dákẹ́?"

Ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní Sátidé kan, ní aago mẹ́wàá gééré, mo gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Mo mú ìwé àti bírò, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó kọjá àtẹ̀gùn kẹfà, ó kọjá ìkẹtàlá, ó kọjá ìkejìdínlógún.

"...tó ní mọ́tò, àmọ́ ó ní oníbàtà máa ń pẹ́ dé, pé ìwọ nìkan ni kì í jẹ́ kí òun dúró!"

Ó ti dé iwájú mi. Kò mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kí ló dé tí o ò kọ̀wé?"

Mo wo ìwé náà. Kò sí nǹkan kan lójú ewé tí mo ṣí.

"Mi ò wo aago, mà," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀."

"Orí ẹ ti dàrú!" ló wí. Àmọ́ ó yí padà, ó ń sọ̀ kalẹ̀.