Ọjọ́ Orí Àǹtí Hilda

Tí ẹ bá wo ìwé ìjọba, èmi Abọ́dúndé ni ẹ̀gbọ́n Àǹtí Hilda. Ọdún márùn-ún ni mo fi jù ú lọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun ló pọ̀n mí nígbà tí a wà ní kékeré ní Òtò, òun ló sì nà mí jù láyé yìí. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ti ẹni tí wọ́n ń gbà síṣẹ́ akọ̀wé, ni àbúrò bàbá wa bá lọ búra fún un ní kóòtù, ó sì gé ọdún méjìlá kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ l'Ékòó? A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá fẹ́ bí i nínú, màá ní kó wá kúnlẹ̀ kí mi.

Ní ọdún 1986, ó pè mí wọ yàrá rẹ̀ ní Súrùlérè, ó ní kí n fọwọ́ kan ọmú òun apá òsì. Kókó kan wà níbẹ̀, ó le, kò sì dùn ún. Lọ́jọ́ kejì a lọ sí ilé ìwòsàn tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń lò. Dókítà ọ̀dọ́ kan ṣí fáìlì rẹ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín, mà?"

"Méjìdínlógójì," ni Àǹtí mi dáhùn, kò tilẹ̀ mikàn. Ara rẹ̀ ń dán, kò sẹ́ni tí kò ní gbà á gbọ́.

Dókítà tẹ kókó náà wò, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Irú èyí wọ́pọ̀ lára ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dàgbà púpọ̀. Ká ní ẹni àádọ́ta ọdún ni yín ni, lónìí yìí ni ǹ bá ti ní kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà."

Ẹni àádọ́ta ọdún gan-an ló jókòó síwájú rẹ̀. Mo la ẹnu. Àǹtí mi yíjú wò mí, mo sì pa ẹnu mi dé. Nílé tiwa, àbúrò kì í pe ẹ̀gbọ́n ní òpùrọ́ níwájú àlejò.

Nígbà tí a jáde, mo bẹ̀ ẹ́. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà lọ sọ òótọ́ fún un."

"Orí ẹ dàrú ni? Fáìlì yẹn, ọ́fíìsì ló ni ín. Ṣé o ò rí bí wọ́n ṣe ń lé àwọn èèyàn níbi iṣẹ́ ni? Bàbá Ọládèjì ọmọ mi ti kú, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Ta ló máa rán an níwèé, ìwọ aránṣọ? Dókítà ti ní kò sí nǹkan. Máa bọ̀ jàre."

Mo tẹ̀ lé e. Kí n sọ tòótọ́, ó wu èmi náà kí irọ́ yẹn jẹ́ òótọ́.

Kò padà lọ. Oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó rí i pé awọ ibẹ̀ ti fà wọnú, ó ti di egbò, ó sì ń fi aṣọ dì í lọ síbi iṣẹ́. Mo fà á lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Kí dókítà tó béèrè ohunkóhun ni mo ti pariwo, "Ẹni àádọ́ta ọdún ni wọ́n! Wọ́n ti lé ní àádọ́ta!"

Jẹjẹrẹ ni, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀. Dókítà náà, obìnrin àgbàlagbà, dì mí lọ́wọ́ mú. "Ká tiẹ̀ ní méjìdínlógójì ni lóòótọ́, ó yẹ kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹjẹrẹ kì í béèrè ọjọ́ orí." Ó fẹ́ tù mí nínú ni, àmọ́ kò tù mí. Mo bínú sí ọmọkùnrin tó rẹ́rìn-ín yẹn, mo sì bínú sí ara mi jù ú lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, nígbà tí kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́, mo ń fún un ní ògì, ó di ọwọ́ mi mú.

"Abọ́dúndé, o mọ̀ pé irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ wò mí ni, Àǹtí. Ẹ ní kí n dákẹ́."

"Ṣé gbogbo ohun tí mo bá ti ní kí o ṣe náà lo máa ṣe?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi náà ń sunkún, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí, àmọ́ oògùn ìrora ti gbé e sùn kó tó dáhùn. Kò jí mọ́.