Ohun Tí Àdìjátù Rí Nínú Káàdì Alínà

Alínà ti lo oṣù mẹ́ta ní Tẹ̀dé kí Àdìjátù, ìyá ọkọ rẹ̀, tó mọ̀ pé ó ní káàdì kankan nínú àpótí. Mùstàfá, àkọ́bí Àdìjátù, ló lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ nílùú Pólándì, tó sì mú ìyàwó òyìnbó bọ̀ wálé lọ́dún 1977. Wọn ò tíì sinmi dáadáa tí ìjọba fi gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sé odò lápá Sókótó. Ó ní àgọ́ tí àwọn ń gbé níbẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń mú ìyàwó lọ, ló bá fi Alínà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó wá ń yọjú sí wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì.

Àwọn obìnrin méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn. Alínà mọ "Ẹ káàárọ̀, Ìyá." Ó mọ "Ẹ ṣé." Ó mọ "Ó ti tó" tó máa ń sọ bí wọ́n bá ń bu oúnjẹ fún un. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ ìyókù. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi òrí tó wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa fọ́ èso rẹ̀ tí Àdìjátù fi ń ṣe òrí tà, kò sì ní sí ìró kankan níbẹ̀ bí kò ṣe ti òkúta lórí èèpo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Oòrùn tún ti yọ, ọ̀rinrin ń rú sókè látara ilẹ̀, gbogbo ọkà bàbà tó wà lẹ́yìn ilé wá dà bí ohun tó léfòó. Alínà wọlé lọ, ó sì gbé ohun kan tí wọ́n fi ìborùn pupa wé jáde. Nígbà tó tú u, káàdì ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí táwọn onímọ́tò fi ń ta tẹ́tẹ́ ní gáréèjì. Àwòrán èèyàn, ẹranko àti ìràwọ̀ ló kún ara wọn. Ó tẹ́ wọn sórí ẹní lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹjú mọ́ wọn bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

"Kí lèyí, ìyàwó mi?" Àdìjátù béèrè.

Alínà wá ọ̀rọ̀ títí. "Àwòrán," ó ní. "Ìyá, ó ń sọ̀rọ̀." Ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. "Ti ìyá ìyá mi."

Àdìjátù mú ọ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó fi igi gbé ẹrù kọ́ èjìká, ó gbójú sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti dé etí ọ̀gbun.

"Eléyìí á já sí kòtò," Àdìjátù sọ.

Alínà rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Ó fi ìka méjì rìn lórí ẹní. "Ó ń lọ. Kò mọ ibi. Ó ṣáà ń lọ."

Àdìjátù wo àwòrán náà, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó rántí ọjọ́ tí obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Ojú rẹ̀ rọ̀. "Ó yé mi," ó ní. "Mú òmíràn."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Káàdì kan lójúmọ́ ni wọ́n ń kọ́, bí àwọn ará ilé Alínà ṣe ń fi wọ́n wo ọ̀rọ̀ fún èèyàn. Àdìjátù á gbé tòní ti ojú fèrèsé, á máa wò ó bó ṣe ń gbálẹ̀, bó ṣe ń dáná. Kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ wọn, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ: Baba Àtùpà, Obìnrin Tó Di Ẹnu Kìnnìún Mú, Ilé Tí Àrá Wó, Òṣùpá Alákàn. Nígbà tó mọ àwọn ńlá méjìlélógún tán, ó kan àwọn kéékèèké: ife, idà, ọ̀pá àti owó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àwọn ọba àti ayaba tirẹ̀. Àwọn kéékèèké yìí dàrú mọ́ ọn lójú fún oṣù bíi mélòó kan. Méjìdínlọ́gọ́rin ni gbogbo wọn.

Káàdì ò tún jẹ́ kó sùn lásán mọ́. Nínú àlá rẹ̀, ó ń rìn nínú oko ọkà bàbà olóògbé ọkọ rẹ̀, Baba Àtùpà ń lọ níwájú, ṣùgbọ́n àtùpà náà kì í tan ìmọ́lẹ̀ sójú ọ̀nà. Ara ewé nìkan ló ń tan án sí, tí ewé kọ̀ọ̀kan fi ń mọ́lẹ̀ bíi gíláàsì. Láàárọ̀, á rọ́ ọ fún Alínà, á máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ júwe. Ibẹ̀ ni Alínà ti kọ́ Yorùbá. Ó mọ "léfòó", ó mọ "pòórá" kó tó mọ orúkọ iyọ̀.

Àdìjátù kì í pa ìrun márààrún jẹ, ọ̀rọ̀ náà sì ń kọ ọ́ lóminú nígbà míì. Ó bá bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn pé ohun tó bá jẹ́ ti Ọlọ́run, bí ikú àti ọjọ́ tí ń bọ̀, òun ò ní bi káàdì. Ṣùgbọ́n inú ẹni tó ń kọ́ nǹkan tuntun kì í gba ìsinmi. Nígbà tí Sàfúrátù aládùúgbò rẹ̀ wá, tó ń dààmú nítorí Àsíátù ọmọ rẹ̀ tó lóyún sí ilé ọkọ ní Òkèhò, Àdìjátù ní kó jókòó.

"Ìyá Àsíátù, ẹ mú ọ̀kan."

Egungun tó gun ẹṣin funfun ni Sàfúrátù mú. Ọwọ́ Àdìjátù ti lọ sí ẹnu rẹ̀ kó tó mọ̀. Igbe ni Sàfúrátù fi sáré jáde. Ó bá mọ́tò ọ̀sán lọ sí Òkèhò láìmú ìborùn, ó sì bá ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń gúnyán, tó ń kọrin. Nígbà tó padà dé, kò kí Àdìjátù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Alínà ò bínú, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé káàdì náà síwájú ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, ẹ wo ẹ̀yìn ẹṣin. Kí lẹ rí?"

Àdìjátù wò ó dáadáa. Lọ́nà jíjìn, láàárín ilé gogoro méjì, oòrùn ń yọ.

"Ẹ má sáré," Alínà sọ. "Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó jókòó. Lẹ́yìn náà, káàdì."

Ojú ti Àdìjátù. Ó bu òrí kún igbá, ó gbé e lọ fún Sàfúrátù, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ wo káàdì fún ènìyàn, á kọ́kọ́ bá a jókòó títí ẹni náà á fi sọ tinú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọn kì í tún nílò káàdì mọ́.

Ọdún 1978 lọ sópin. Ọyẹ́ dé, eruku funfun bo gbogbo àpáta tó yí ìlú ká títí tí wọn ò fi rí wọn mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alínà gbé ìborùn pupa náà sórí ẹní.

"Ìyá, ẹ wò ó fún mi."

Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ rí. Àdìjátù wo ojú rẹ̀ ná. Ó ti rù. Láti ọ̀sẹ̀ méjì tí lẹ́tà kan ti dé láti ìlú rẹ̀ ló ti ń gbé e mọ́ra káàkiri, tó ń tú u, tó ń ká a. Àdìjátù to káàdì mẹ́ta sílẹ̀, ó ṣí àkọ́kọ́: obìnrin tí wọ́n fi aṣọ dì lójú, tí okùn wà lára rẹ̀, tí idà yí i ká. Ó ṣí èkejì: obìnrin kan tó faṣọ borí, tó ká gúlútú sínú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ń tu ú lọ sí òdìkejì odò.

Àdìjátù mọ ohun tí òun ìbá fẹ́ sọ. Ó lè sọ pé Mùstàfá ló ń bọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó wo òkúta méjì tí wọ́n fi ń fọ́ èso, ó fojú inú rí ara rẹ̀ níbẹ̀ lóun nìkan.

"Ara ìyá rẹ ò yá ni lẹ́tà yẹn wí, o sì fẹ́ lọ wò ó," ó sọ.

Alínà bú sẹ́kún. Mùstàfá ti sọ pé kò sí ìrìnàjò kankan títí iṣẹ́ odò á fi parí, Alínà ò sì fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó nu ojú tán, ó nawọ́ sí káàdì kẹta. "Èyí ńkọ́, Ìyá?"

Àdìjátù fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. "Bóyá wàá padà wá nìyẹn. Ọwọ́ Ọlọ́run nìyẹn wà, n ò ní wò ó. Ìwọ ṣáà lọ."

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìsẹ́yìn, ó lọ tẹ wáyà ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní pósófíìsì. Mùstàfá dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, eruku bo irun àti ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ìyá, ta ló sọ fún yín pé ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn? Kò sọ fún mi."

"O ò bi í."

"Bó bá lọ tí kò padà ńkọ́?"

"Kí o lọ bá a níbẹ̀. Àbí ìwọ nìkan ló lè lọ sílùú onílùú?"

Mùstàfá jókòó lẹ́bàá ìyàwó rẹ̀, ó sì gba lẹ́tà náà kà. Kí oṣù kìíní tó parí, Alínà ti lọ. Ó fẹ́ fi káàdì sílẹ̀, Àdìjátù ló kọ̀, tó fi wọ́n sínú àpótí rẹ̀ fúnra rẹ̀. "Mú wọn lọ. Ojú ìyá rẹ lè ti máa wá wọn."

Oṣù mẹ́ta kọjá. Lẹ́tà kan dé pé ìyá Alínà ti kú nínú oṣù kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìròyìn mọ́. Àdìjátù ò bi ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù keje, mọ́tò dúró níwájú ilé, Alínà sì sọ̀ kalẹ̀. Yorùbá rẹ̀ ti dógùn-ún díẹ̀, ó ń ṣi ohùn mú, ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ ọkùnrin ló fi kí ìyá ọkọ rẹ̀ nínú ìdùnnú tó fi ṣìṣe, àwọn aládùúgbò sì rẹ́rìn-ín títí.

Kò sí káàdì nínú àpótí.

"Mo fi wọ́n sọ́wọ́ ìyá mi," ó sọ. "Nínú pósí."

"O ṣeun tó o ṣe bẹ́ẹ̀," Àdìjátù fèsì, òótọ́ inú rẹ̀ sì ni. Síbẹ̀, ó dùn ún. Fún ọjọ́ mélòó kan, ojú rẹ̀ ń lọ sí fèrèsé láàárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Alínà sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ ka wọ́n fún mi." Àdìjátù di ojú, ó ń pè wọ́n lórúkọ tó sọ wọ́n, ó ń sọ àwọ̀ aṣọ wọn, ó ń sọ ibi tí omi wà àti ibi tí ẹyẹ bà sí. Alínà ń ka iye wọn. Wọ́n dé mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ọ̀kan kù. Wọ́n wá a títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò rántí rẹ̀.

Mùstàfá dé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ odò ti parí pátápátá. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jiyàn bóyá ife ni àbí ọ̀pá, wọ́n sì bi í bóyá ó rántí. Ó ní òun ò wò wọ́n rí lọ́jọ́ kan. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì fa àpótí jókòó.

"Ẹ sọ wọ́n fún èmi náà," ó ní.