Ọjọ́ Tí Mo Wọ Kóòtù Láìsí Jákẹ́ẹ̀tì Nílé Bàbá Okbun

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi títí yìnyín ọdún tó ń bọ̀ á fi yọ́.

Ọjọ́ tí Bàbá Heo, bàbá Okbun, pé ọgọ́ta ọdún ni. Gbogbo Sutgol, abúlé wa, ló mọ̀ pé Okbun ni mo fẹ́. Wọ́n sì mọ̀ pé bàbá ẹ̀ ti lé ọkùnrin mẹ́tàdínlógún torí pé wọn ò mọ̀wàá hù. Ìyá mi ti lọ bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kí n wá síbi ìnáwó òun, kí òun fojú ara òun wò mí.

Kí n tó jí lọ́jọ́ náà, ìyá mi ti tú jákẹ́ẹ̀tì mi, ẹ̀wù kan ṣoṣo tí mo ń wọ̀ sábẹ́ kóòtù, palẹ̀ láti fọ̀ ọ́. Ẹ ṣáà mọ bá a ṣe ń ṣe é: apá lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, ká tó tún un rán. Mo bá apá kan lórí okùn, ìyókù wà nínú omi. Ó ní ọ̀la lòun rò pé ìnáwó náà bọ́ sí. Kí ni n bá ṣe? Mo gbé kóòtù gígùn mi wọ̀ sórí àyà lásán, mo so ó pinpin. Ọmọlúàbí kì í ṣáà bọ́ kóòtù lóde ayẹyẹ, ta ló máa mọ̀?

Mo débẹ̀, mo wólẹ̀ kí Bàbá Heo débi pé ilé mì. Inú ẹ̀ dùn, ló bá fi mí síbi tí wọ́n ń fi àlejò pàtàkì sí, níbi tí ooru ààrò ìdáná tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ yàrá kọjá ti gbóná jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń dáná oúnjẹ igba èèyàn! Tẹ́ ẹ bá gbé ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á jinná kẹ́ ẹ tó yíjú. Òógùn mi ṣàn dé ìta, ajá wọn ń lá a.

"Ọmọ mi, bọ́ kóòtù ẹ, kí atẹ́gùn fẹ́ sí ẹ," ni Bàbá Heo wí.

"Níwájú àgbà bíi tiyín? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé, Bàbá."

Ó wo àwọn bàbá yòókù tí wọ́n ti fi tiwọn kọ́ ògiri. Ojú tì wọ́n, wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e wọ̀ padà. Òun náà wọ tiẹ̀. Gbogbo wa wá ń hó bí ìkòkò. Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rọra sọ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ìwà ẹ máa pa wá."

Nígbà tó yá, Bàbá Heo ò lè fara dà á mọ́. "Bongchil, àṣẹ ni mò ń pa báyìí. Bọ́ ọ."

Tí mo bá kọ̀, àfojúdi ni. Tí mo bá bọ́ ọ, ìhòòhò ni. Mo tú okùn. Àyà mi ti pọ́n bí ata gbígbẹ. Okbun tó ń gbé ọtí ìrẹsì wọlé dúró sójú kan.

"Jákẹ́ẹ̀tì ẹ ńkọ́?"

"Ó wà nínú omi, Bàbá."

"O sì ń jóná níbẹ̀ yẹn látàárọ̀?"

"Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lé mi ni."

Ó wò mí títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín débi pé fìlà ẹ̀ fò kọjá odò. Ó ní ẹni tó lè jókòó sórí ààrò torí ọmọ òun ò ní sá tí ilé bá gbóná. "Okbun, mú okùn wá, kó o wọn apá ẹ̀. Ilé ìyàwó ló kúkú ń rán aṣọ ọkọ."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Okbun fi rán jákẹ́ẹ̀tì tuntun fún mi, abẹ́rẹ́ ń rú èéfín. Òun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọba fúnra ẹ̀ ránṣẹ́ wá wo ojú abẹ́rẹ́ náà, mo wá sọ fún wọn pé...

Ibẹ̀ làwọn tó ń gbọ́ mi ti dá mi dúró. "Bongchil, Okbun ti pè ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti ẹnu ọ̀nà. Máa lọ sílé."