Abẹ́rẹ́ Méjì Lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n

Cornelia Thayer ti yege gbogbo ìdánwò. Ó ku kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wetmore fọwọ́ síwèé kó tó lè di ọ̀mọ̀wé, ọkùnrin náà sì ní òun kò ní fọwọ́ sí i àfi tó bá fi han òun pé ọpọlọ obìnrin tó ti ọkùnrin. Ẹ wo ẹni tó ń bèèrè: ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń bá wá awò ojú tó wà lórí imú rẹ̀.

Ní Boston nígbà náà, ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín ni. Wọ́n á di ènìyàn lójú, wọ́n á fi ẹnu abẹ́rẹ́ méjì kàn án lọ́wọ́, wọ́n á ní kó sọ bóyá ẹyọ kan ni àbí méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n a máa ní ẹni tó bá tètè mọ̀ ọ́n lára pé méjì ni, bí wọ́n tilẹ̀ sún mọ́ra, ni ọpọlọ rẹ̀ mú. Òun ló sì mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo ọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Cornelia dán tọkùnrin tobìnrin wò títí yìnyín fi yọ́. Nígbà tó gbé èsì wá síwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó pín in sí méjì, kò sì sọ ìpín tó jẹ́ ti ọkùnrin.

"Ìpín àkọ́kọ́ yìí mú jàre," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "Ṣé o ti rí i báyìí, ọmọ mi? Ọkùnrin lọkùnrin ń jẹ́."

"Obìnrin ni wọ́n, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wúkọ́, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ọ̀gà kì í yára pa àwọ̀ dà tó bẹ́ẹ̀. "Ẹn-ẹ́n. Ara tó ń tètè mọ nǹkan, tọmọdé àti tẹranko nìyẹn. Ọpọlọ tó jinlẹ̀ kì í ráyè abẹ́rẹ́."

Cornelia rọra dá a lóhùn. "Tiyín ńkọ́, sà? Tọmọdé ni àbí tẹranko?"

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń pa ẹ̀rín mọ́ra mú aṣọ ìdìjú. "Ẹ jẹ́ ká tún dán yín wò, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè kọ̀ ọ́. Wọ́n dì í lójú. Cornelia fúnra rẹ̀ mú abẹ́rẹ́ méjèèjì, ó ya wọ́n síra débi tí màlúù pàápàá á fi mọ̀, ó fi wọ́n kan àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ẹyọ kan ni," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, kí wọ́n má bàa pè é lọ́mọdé tàbí ẹranko.

Cornelia gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó sì lọ mú kóòtù rẹ̀. Ó dùn ún wọra pé ọwọ́ yẹn ló ti ń bẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá pé kó kọ orúkọ sí ìwé òun.